Kásẹ́ẹ̀tì Tí Kò Sí Nínú Ẹ̀rọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Téèpù àti Ìpamọ́ Dátà Okòwò, ní Ìkòròdú

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn olórí ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù, àwọn tó ní ilé-ìwé, àwọn tó ní ilé-ìwòsàn àti àwọn oníṣòwò nínú gbọ̀ngán kan nítòsí Sábó, Ìkòròdú. Àwọn tí kò ráyè wá bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́, àfi ibi tí mo ti gé àsọtúnsọ kúrò.

Ẹ̀yin àgbà, mo kí i yín, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, ẹ kú ọrọ̀ ajé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí ẹ jókòó sẹ́yìn pátápátá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ níwájú, torí ẹ̀yin ni iṣẹ́ yìí máa já lé lọ́wọ́.

Mo mú nǹkan kan lọ́wọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ máa gbà lọ́wọ́ ara yín kí gbogbo yín lè rí i. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó nípọn díẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Ẹ rọra mú un, ẹ má jẹ́ kó já bọ́. Òun ni mo tìtorí rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé ìdí rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù kan gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn fún mi. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n lé ní irínwó ọmọ ẹgbẹ́. Ìwé owó tí àwọn tó ṣáájú wọn ti ń fi báírò kọ ni mo kó sínú kọ̀ǹpútà fún wọn, ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn. Mo ra hádì dísíìkì ńlá kan, mo fi okùn rẹ̀ bọ ara sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo dátà wọn wà, mo sì ṣètò pé ní aago méjìlá òru, kó máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ọkàn wọn balẹ̀, torí èmi ni mo sọ fún wọn pé kó balẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, akọ̀wé wọn pè mí láago méje àárọ̀. Ó ní gbogbo fáìlì ti yí orúkọ padà, ìwé kan sì wà lójú kọ̀ǹpútà tó ń béèrè owó. Ẹnì kan nínú ọ́fíìsì ti ṣí ohun tí kò yẹ kó ṣí nínú ímeèlì, àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti gbogbo fáìlì pa, wọ́n ní ó dìgbà tí ẹgbẹ́ bá sanwó kí àwọn tó ṣí i. Mo ní kí akọ̀wé má bẹ̀rù, pé ẹ̀dà wà. Mo gun ọ̀kadà débẹ̀. Nígbà tí mo máa wo hádì dísíìkì yẹn, wọ́n ti ti òun náà pa. Okùn tí mo fi so ó mọ́ sáfà kí ẹ̀dà lè máa wọlé ni olè tọ̀ débẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi kó páàsìbùkù jọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Páàsìbùkù ìyá kan wà nínú wọn tí òjò ti pa, tàdáwà rẹ̀ ti ṣàn dànù. Ẹ̀rí ẹnu ni wọ́n fi gba tirẹ̀. Ìyá yẹn kò bínú sí mi. Ó kàn ń wò mí ni. Ẹ̀bi mi ni, ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn láti inú ilé, inú ilé náà ló ṣì wà. Bí iná bá jó ilé, á jó òun náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ẹ̀dà tí kò ní okùn lára. Ìwádìí yẹn ló gbé mi padà sídìí ohun tí mo rò pé ayé ti pa tì, ìyẹn téèpù.

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún nínú yín mọ kásẹ́ẹ̀tì. Kásẹ́ẹ̀tì fújì, kásẹ́ẹ̀tì wàásù, kásẹ́ẹ̀tì tí a gba ohùn ìyá àgbà sí láti fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. A mọ bí a ṣe ń fi báírò yí i nígbà tí rédíò bá jẹ ẹ́. A mọ bí a ṣe ń fi òwú àti sípírítì nu hẹ́ẹ̀dì rédíò tí ohùn kò bá já gaara mọ́. A sì mọ etí kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, tí a máa ń ṣẹ́ kúrò kí ọmọdé má bàa gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Ẹ fi etí yẹn sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

Ìyẹ̀fun irin ló wà lára okùn pẹlẹbẹ yẹn, tí wọ́n fi nǹkan bíi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Òòfà kíún ni hóró kọ̀ọ̀kan. Bí téèpù bá ṣe ń kọjá níwájú hẹ́ẹ̀dì, hẹ́ẹ̀dì á máa dà wọ́n kọ: èyí á kọjú síhìn-ín, ìyẹn á kọjú sọ́hùn-ún. Bí wọ́n ṣe kọjú sí ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Bí iná bá lọ, bí iná bá dé, bí a ṣe dà wọ́n kọ ni wọ́n máa wà. Ohùn ìyá àgbà àti ìwé owó ẹgbẹ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọ inú irin.

Ẹni tó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí irú okùn bẹ́ẹ̀ ni Fritz Pfleumer, ní Jámánì, ní 1928. Iṣẹ́ tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni bí a ṣe ń lẹ ìlà aláwọ̀ wúrà mọ́ bébà sìgá. Ó wá rò ó pé bí irin tí a lọ̀ bá lè lẹ̀ mọ́ bébà fún ẹwà, ó lè lẹ̀ mọ́ ọn kó sì gbé ohùn. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀, torí iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nílẹ̀ ló fi ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Ní 1935, ilé-iṣẹ́ AEG gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Magnetophon jáde ní Berlin, BASF sì ń ṣe téèpù rẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbà á lò ní 1951, nígbà tí kọ̀ǹpútà UNIVAC fi téèpù onírin pa dátà mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, IBM gbé tirẹ̀ dé, 726, tó ń lo téèpù ọ̀rá tó fúyẹ́. Róòlù kan, tó tóbi bí àwo oúnjẹ, kò gbà ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 2 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ bá fi fóònù yà ní gbọ̀ngán yìí lónìí lè kún inú rẹ̀ kó tún ṣẹ́kù sílẹ̀.

Èyí tó ń lọ lọ́wọ́ lọ́wọ́ láàárín yín yẹn, lẹ́tà mẹ́ta wà lára rẹ̀: LTO, orúkọ irú kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà yìí. HP, IBM àti Seagate ló jọ fọwọ́ sí ìlànà rẹ̀, kí kásẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ kan lè wọ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ìran kìíní jáde ní 2000, ó ń gba gígábáìtì 100. Ìran kẹsàn-án jáde ní 2021, ó ń gba térábáìtì 18 (gígábáìtì 1,000 ni térábáìtì kan). Ẹ máa rí i tí wọ́n kọ térábáìtì 45 sára páálí ìran kẹsàn-án yìí. Wọ́n gbà pé ẹ̀rọ máa fún dátà pọ̀ kó tó kọ ọ́ ni. Bó bá jẹ́ ìwé owó lásán ni ẹ fẹ́ fi pamọ́, ó lè fún pọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n fọ́tò, fídíò àti ìwé tí ẹ yà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ti fún pọ̀ tán kí ẹ tó gbé wọn débẹ̀. 18 ni kí ẹ fi ṣírò.

Báwo ni kásẹ́ẹ̀tì kékeré ṣe ń gba ẹrù tó tó bẹ́ẹ̀? Téèpù inú LTO-9 gùn tó mítà 1,035. Kó tó lè wọ inú ilé kékeré yẹn, wọ́n ṣe é fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí irun orí fi nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Kò ju ìdajì íǹṣì lọ ní fífẹ̀, síbẹ̀ ìlà 8,960 ló wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ ebè rí á yé e. Àgbẹ̀ kì í kọ ebè kan dé òpin oko, kó rìn padà wá síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó kọ èkejì. Ibi tó bá parí sí ló ti ń yí padà, á máa kọ òmíràn bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ yìí: ó ń kọ ìlà 32 lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń lọ dé ìparí téèpù, ó ń kọ 32 mìíràn bọ̀, àlọ àti àbọ̀, ìgbà 280 kí oko tó kún.

Ohun tó mú mi gbọ́kàn lé e jù lọ ni pé hẹ́ẹ̀dì tó ń kàwé wà lẹ́yìn hẹ́ẹ̀dì tó ń kọ̀wé. Bí èyí bá ti ń kọ ọ́ tán ni ìyẹn ń kà á. Bí kò bá bá ohun tí wọ́n ní kó kọ mu, lójú ẹsẹ̀ ló máa tún un kọ síwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka owó lọ́jà, ẹ mọ ìwúlò kí ẹnì kan kà á, kí ẹlòmíràn jókòó tì í kó tún un kà.

Bí ó bá ti kọ ọ́ tán, a ó yọ ọ́ jáde. Ibí yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Téèpù tó wà lórí pẹpẹ kò ní wáyà lára, kò ní iná nínú, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Olè tó wà ní ìlú òkèèrè lè wọ sáfà yín, ó lè mọ páswọ́ọ̀dù ọ̀gá pátápátá, ṣùgbọ́n kò ní ọwọ́ tó máa fi gbé kásẹ́ẹ̀tì látorí pẹpẹ sínú ẹ̀rọ. Àfi kó wá sí Ìkòròdú.

Kì í ṣe olè nìkan. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2011, àṣìṣe kan nínú iṣẹ́ sọ́fítíwíà Google mú kí lẹ́tà àwọn kan pòórá nínú Gmail. Wọ́n ní kò ju ìdá 0.02 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lò ó lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ pòórá, gbogbo rẹ̀ ló pòórá lójú tirẹ̀. Google ní ẹ̀dà sí ibi púpọ̀, àṣìṣe náà sì tọ àwọn ẹ̀dà yẹn lọ. Téèpù ni wọ́n fi dá lẹ́tà náà padà. Wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé nítorí pé téèpù kò so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni àṣìṣe náà kò fi kàn án.

Ẹ rántí etí kásẹ́ẹ̀tì tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹ yí èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ máa rí ibi kékeré kan tí a lè fi èékánná tì. Bí a bá tì í, ẹ̀rọ á kà á, kò ní kọ nǹkan sí i. Láti ìran kẹta ni irú mìíràn tún ti wà, tí wọ́n ń pè ní WORM: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè kọ ọ́, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́, títí kan ẹni tó ni ín. Ìwé owó tí ẹ ti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ parí, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn mọ́, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 ní kí ilé-iṣẹ́ tọ́jú ìwé ìṣirò owó fún ọdún 6. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní June 12, 2023 sì gbé e lé ẹni tó ń tọ́jú dátà ènìyàn lọ́rùn pé kó dáàbò bò ó. Ẹ̀yin oníléèwé àti onílé-ìwòsàn, ẹ̀yin ni òfin yìí ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ohun tó kan àwa ará Ìkòròdú gan-an: omi.

Létí ọ̀sà la wà. Afẹ́fẹ́ wa tutù, ó sì lọ́rinrin. Iyọ̀ inú agolo ń yọ omi, bàtà tí a bá gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ń hu funfun. Àwọn tó ń ṣe téèpù ní bí a bá fẹ́ kó pẹ́ tó ọdún 30, kí ibi tó wà má gbóná ju 25 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, kó má sì tutù ju 16 lọ, kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàárín 20 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Tiwa níta máa ń ju 80 lọ lásìkò òjò. Gọ́ọ̀mù tó di ìyẹ̀fun irin mú ni mo ń bẹ̀rù fún. Àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti ti orin káàkiri ayé rí i lára téèpù tí wọ́n ṣe láàárín 1970 sí 1989: gọ́ọ̀mù mu omi inú afẹ́fẹ́ títí ó fi rọ̀, téèpù wá ń lẹ̀ mọ́ hẹ́ẹ̀dì, ìyẹ̀fun ń ṣí dànù. Ńṣe ni wọ́n ń yan téèpù náà nínú ooru díẹ̀ kí wọ́n tó lè rí i gbà sílẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Gọ́ọ̀mù ayé òde òní dára jù ti ìgbà yẹn lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní fi dátà ẹlòmíràn dán an wò.

Nítorí náà, ẹ wá àpótí tó dé pinpin, ẹ fi àwọn àpò kékeré tó ń fa omi sí i, irú èyí tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun, ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ẹ gbé àpótí náà sínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, kó jìnnà sí fèrèsé. Bí ẹ bá gbé kásẹ́ẹ̀tì láti ibòmíràn wá, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lo wákàtí 24 nínú yàrá náà kí ara rẹ̀ bá ti yàrá mu. Ẹ má gbé e síwájú mọ́tò nínú oòrùn. Bó bá já bọ́ láti ọwọ́, ẹ má lò ó fún ohun tó ṣe pàtàkì mọ́. Irin kékeré kan wà ní ẹnu rẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń fa téèpù jáde, bó bá yẹ̀, ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́.

Omi kejì ni àgbàrá. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ṣí omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀ tí odò Ògùn kún: Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú á bọ́ sínú omi. Bí ọ́fíìsì yín bá wà ní Ìpakodò, tí ẹ wá gbé ẹ̀dà lọ sí ilé àbúrò yín ní Ìpakodò kan náà, ẹ kò tíì gbé e níbì kankan. Ẹ gbé e lọ sí Ṣàgámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń tẹ̀lé rọrùn: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan nínú wọn wà ní ìlú mìíràn. Èmi fi ìkẹrin kún un látinú ohun tí ojú mi rí: kí ọ̀kan má ní wáyà lára.

Ọ̀rọ̀ iná kò ní gùn lẹ́nu mi, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. LTO-9 ń kọ mẹ́gábáìtì 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ wákàtí méjìlá àtààbọ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì kan fi ń kún. Ẹ fi ínfátà gbé e, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń fò sókè sódò. Kọ̀ǹpútà tó ń fún un ní dátà kò sì gbọ́dọ̀ lọ́ra. Bí dátà kò bá tètè dé, ẹ̀rọ á dúró, á yí téèpù sẹ́yìn, á tún sáré wá síwájú, bí ẹni tó ń fi aṣọ dán bàtà, síwá sẹ́yìn. Ìyẹn ló ń pa téèpù, tó sì ń pa hẹ́ẹ̀dì. Ẹ kó dátà jọ sórí dísíìkì tó yára ná, kí ẹ wá tú u sórí téèpù lẹ́ẹ̀kan náà. Hẹ́ẹ̀dì ti ibí kò gba òwú àti sípírítì o. Kásẹ́ẹ̀tì ìnu rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ó máa ń nu ún tó nǹkan bí ìgbà 50 kí ẹ tó ra òmíràn, ìgbà tí ẹ̀rọ bá béèrè fún un nìkan ni kí ẹ fi sí i.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la lè máà rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Ètò tí a fi ń yí kásẹ́ẹ̀tì ká náà nìyẹn, ilé Yorùbá ni mo sì fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀: ọmọ, bàbá àti bàbá àgbà. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni ọmọ, láti Mọ́ńdè dé Tọ́sìdeè. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí, a tún wọn kọ. Ti ọjọ́ Fúráìdè ni bàbá. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ni, oṣù kan ló fi ń dúró. Èyí tí a kọ ní ìparí oṣù ni bàbá àgbà. A kì í tún bàbá àgbà kọ. Òun ni a ń gbé lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó ń jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí ti àná kò fi tó. Ìdí ni pé olè máa ń wọlé kí ó tó tilẹ̀kùn. Ó lè ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú sáfà yín kí ẹ tó mọ̀. Fáìlì tí akọ̀wé ṣèèṣì pa rẹ́ ní oṣù kẹta, oṣù keje ni ẹni kan lè tó béèrè rẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà la máa lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìtàn kejì, tí kì í ṣe ẹ̀bi téèpù. Ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ṣàgámù ra ẹ̀rọ tó dára, wọ́n ní ọmọkùnrin kan tó ń pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì. Kò fo ọjọ́ kan fún oṣù mọ́kànlá. Ó ń kọ déètì sára rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó dára. Nígbà tí akáúńtáǹtì wọn béèrè fáìlì kan, wọ́n pè mí kí n bá wọn yọ ọ́. Kò sí nǹkan nínú kásẹ́ẹ̀tì. Mo mú òmíràn, kò sí. Láti oṣù kejì ni sọ́fítíwíà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ pé òun kò rí fódà tí wọ́n ní kí òun dà kọ, torí ẹnì kan ti yí orúkọ fódà náà padà. Ọmọkùnrin yẹn jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò dá a lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé iṣẹ́ náà ju kí ó pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀: lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ mú kásẹ́ẹ̀tì kan láìyàn, ẹ ní kí wọ́n yọ fáìlì kan jáde níbẹ̀ lójú yín, kí ẹ fi ojú ara yín kà á. Bí kò bá jáde, ẹ kò ní ẹ̀dà, ohun yòówù kí ẹ ti ná.

Nígbà tí mo débí yìí, àwọn ènìyàn ti ń nawọ́. Màmá kan tó ní ilé-ìwé béèrè pé ṣé cloud, ìyẹn ìpamọ́ dátà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò tó ni, pé ọmọ òun sọ pé gbogbo ayé ti kó lọ síbẹ̀. Mo ní kí màmá lò ó, ó dára. Ṣùgbọ́n ní March 14, 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, íńtánẹ́ẹ̀tì dákú káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, àwọn báńkì wa náà sì mọ̀ ọ́n lára. Dátà kò sọnù lọ́jọ́ yẹn, ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sọnù. Kí màmá sì fi ọkàn ṣírò iye owó dátà tí wọ́n máa fi gbé térábáìtì mélòó kan bọ̀ láti òkè òkun. Kásẹ́ẹ̀tì ń wọ báàgì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè ìbéèrè tó le jù: kí ló dé tí a kò kàn ra hádì dísíìkì méjì, kí a máa yọ ọ̀kan sílẹ̀? Mo ní bí dátà rẹ kò bá pọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó o ṣe. Ṣọ́ọ̀bù kan tí gbogbo ìwé rẹ̀ kò tó gígábáìtì 100 kò nílò ẹ̀rọ téèpù, mi ò ní tan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n inú hádì dísíìkì ni ohun tó ń yí wà. Bí ó bá kú lórí pẹpẹ, tòun ti dátà ló kú. Ohun tó ń yí kò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì, inú ẹ̀rọ ló wà. Bí ẹ̀rọ bá kú, a ó wá ẹ̀rọ mìíràn.

Ẹ̀rọ ló wọ́n, ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan ni tuntun rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kò wọ́n rárá bí a bá wo ohun tó ń gbà. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù pé kí mẹ́fà tàbí méje dá owó jọ, bí ẹni ń dá èsúsú, kí wọ́n ra ẹ̀rọ kan. Kí oníkálukú ra kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Láti ìran kẹrin ni ẹ̀rọ náà ti lè fi àṣírí bo ohun tó bá kọ, débi pé ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kò lè kà á. Ẹgbẹ́ kan kò ní rí owó ẹgbẹ́ kejì. Kí ẹ kàn tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yẹn sọ́wọ́ ènìyàn méjì, torí bó bá sọnù, ẹ̀yin gan-an kò ní rí dátà yín mọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ wo ìran rẹ̀ dáadáa. Títí dé ìran keje, ẹ̀rọ ń ka ìran méjì tó ṣáájú rẹ̀. Ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà sẹ́yìn. Kásẹ́ẹ̀tì lè pẹ́ 30 ọdún, ẹ̀rọ tó máa kà á kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Kí ìran yín tó di àwátì, ẹ ṣí i lọ sórí tuntun.

Ẹ dá kásẹ́ẹ̀tì mi padà. Ìran karùn-ún ni, mo kọ ọ́ ní 2013. Ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì yìí, ìran kẹfà ni, tòkúnbọ̀ ni mo rà á. Láti ìran karùn-ún ni a ti lè ṣí kásẹ́ẹ̀tì bí fódà fláàṣì, láìsí sọ́fítíwíà olówó gọbọi. Ìwé ọjà ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi, tó ń ta sìmẹ́ńtì lọ́nà Ìgbógbó, ló wà nínú rẹ̀. Òun náà ló ní kí n ṣí i lójú yín. Kọ̀ǹpútà tí a fi kọ ọ́ ti bàjẹ́ tipẹ́, hádì dísíìkì rẹ̀ náà ti kú.

Mo ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ ẹnu ẹ̀rọ. Ó gbé e mì, ó dún kíìì, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngán dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fódà yọ lójú ògiri, mo tẹ ìwé oṣù kẹta. Ìlà kìíní gbé orúkọ oníbàárà, èyí tí mo ti fi nǹkan bò, iye àpò tó rà, ogún, àti iye owó àpò kan: ₦1,750.

Ariwo ta. Bàbá kan tó jẹ́ bíríkìlà dìde látẹ̀yìn, ó ń tọ́ka sójú ògiri pé òun rántí iye yẹn, òun rántí rẹ̀ dáadáa.